Bí a ṣe ń fi bélì pòròpórò kọ́ yàrá kékeré sẹ́yìn ilé

Yàrá tí a fẹ́ kọ́ yìí jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè kọ́ sẹ́yìn ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ibi iṣẹ́, ibi ìránṣọ, tàbí ibi tí ọmọ ti lè kàwé láìsí ariwo. Pòròpórò àlìkámà la ó fi mọ ògiri rẹ̀, èyí tó ń ṣẹ́kù sóko lẹ́yìn ìkórè, tí ẹ̀rọ wá fún pọ̀ di bélì bíi bélì òkìrìkà, tí okùn méjì sì gbá a mú. Ògiri náà nípọn tó 45 sẹ̀ǹtímítà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé òrùlé, kò ní sí òpó nínú rẹ̀. Lásìkò òtútù, ooru tó bá wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í tètè jáde.

Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé báyìí, lágbègbè oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Sandhills. Igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, iyanrìn ibẹ̀ kò sì ṣe é mọ ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń di koríko ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ̀rúndún 19 tó parí. Ṣọ́ọ̀ṣì Pilgrim Holiness tí wọ́n fi bélì kọ́ nílùú Arthur ní 1928 ṣì wà lórí ìdúró. Ní Faransé, Maison Feuillette ti wà ní Montargis láti 1920. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n kọ́ ní Nebraska ṣáájú àwọn méjèèjì kò pẹ́ láyé: wọn kò rẹ́ ògiri rẹ̀, wọn kò sì sọgbà yí i ká, ni màlúù bá jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá rí ògiri bélì tó jẹrà, omi ni kí ẹ wá kiri. Èyí tó wá láti òkè àti èyí tó ń gòkè láti ilẹ̀ ló léwu jù. Òjò tó bá gbá ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò gbẹ nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n èyí tó bá gba orí bélì wọlé yóò ṣàn lọ sí ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, nítorí omi la ṣe ń ṣe é.

Ẹni tó bá ń ronú láti gbé ọgbọ́n yìí lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò bá ibẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. A kì í gbin àlìkámà lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ tó ń di bélì ṣọ̀wọ́n, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, ikán náà kò sì ní fojú fo oúnjẹ tó pọ̀ tó báyẹn. Amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gígé, irú èyí tí àwọn baba wa fi mọlé, ló yẹ ibẹ̀ jù.

Òfin àti ìwọ̀n

Ní England, yàrá tí ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ju 15 mítà onígun mẹ́rin lọ, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sùn sí, kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò building regulations (òfin ìjọba lórí bí a ṣe ń kọ́lé). Ní ti planning permission (ìyọ̀ǹda káńsù láti kọ́lé), bí yàrá náà bá sún mọ́ ààlà aládùúgbò ju mítà 2 lọ, gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mítà 2.5. Tiwa yóò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi góńgó òrùlé, nítorí náà ẹ sún un kúrò lẹ́bàá ààlà. Nígbà náà, ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri nìkan ni kò gbọdọ̀ ju mítà 2.5, góńgó òrùlé tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ méjì sì lè tó mítà 4. Bí ilé yín bá wà lágbègbè tí ìjọba ń dáàbò bò, tàbí tí ẹ wà ní Wales tàbí Scotland, ẹ bi káńsù yín léèrè kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ìwọ̀n bélì ni ẹ fi ya ilé. Bélì olókùn méjì sábà máa ń fẹ̀ tó 45 sẹ̀ǹtímítà, ó máa ń ga tó 35, gígùn rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 90 sí 100. Ká mú 95. Bí ẹ bá to bélì 5 sí ẹ̀gbẹ́ gígùn àti 4 sí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, ìta ilé yóò jẹ́ mítà 4.75 sí 3.80, inú rẹ̀ yóò sì jẹ́ 3.85 sí 2.90, ìyẹn nǹkan bíi 11 mítà onígun mẹ́rin. Ìpele kọ̀ọ̀kan yóò jẹ bélì 16. Ìpele 6 jẹ́ 96. Ẹ yọ 6 kúrò fún ilẹ̀kùn kan, kí ẹ yọ 8 fún fèrèsé méjì, ó ku 82. Ẹ ra 95, nítorí ẹ ó gé òmíràn, ẹ ó kọ òmíràn, ẹ ó sì tú òmíràn láti fi dí ihò.

Yíyan bélì

Pòròpórò ni ẹ béèrè, ẹ má gba koríko ẹran. Koríko ẹran ní ewé àti èso nínú, kòkòrò àti eku fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tètè ń bu. Oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìkórè, ni owó rẹ̀ máa ń rọjú, tí ó sì máa ń gbẹ jù. Ẹ bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ó lè fún ẹ̀rọ rẹ̀ le, kí gígùn bélì sì bára mu.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n dání lọ. Bélì tó ní ìwọ̀n tí a sọ lókè yìí, tí kò bá wúwo tó kílò 15.5, kò le tó láti gbé òrùlé. Ẹ ti ìka bọ abẹ́ okùn rẹ̀: bí ìka méjì bá ráyè wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀, ó dára; bí gbogbo ọwọ́ bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ki mítà ọ̀rinrin, irú èyí tó ní irin gígùn, dé àárín rẹ̀. Ìdá 15 nínú 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ la fẹ́. Èyí tó bá kọjá 20, ẹ má rà á, àní bí wọ́n bá ń fi ta ọ̀pọ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ náà. Pòròpórò tó dára máa ń dán bíi wúrà, òórùn oko ló máa ń rùn. Èyí tó bá ní àmì dúdú lára, tó ń rùn bí olú, omi ti wọ ọ́ rí, kódà bí mítà bá sọ pé ó ti gbẹ.

Tí ẹ bá gbé wọn délé, ẹ tò wọ́n sórí páléètì lábẹ́ òrùlé. Tápólì tí a tẹ́ sílẹ̀ lásán kò tó, ọ̀rinrin ilẹ̀ yóò gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ìpìlẹ̀

Ẹ gbẹ́ yàrà yí ìdí ilé ká, kí ó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ó jìn tó 50, tàbí títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó le. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó ń wú tó sì ń súnkì, tí igi ńlá sì wà nítòsí, ẹ pe ẹnjiníà. Ẹ tẹ́ páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀ yàrà, kí ó dagun lọ síbi tí omi yóò gbà jáde. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí ní ìpele 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ máa gún un mọ́lẹ̀ kí ẹ tó da òmíràn.

Lórí rẹ̀, ẹ da kọnkéré tó nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì to búlọ́ọ̀kù oní-10-sẹ̀ǹtímítà ní ìlà méjì, kí ìta ìlà kan sí ìta ìkejì jẹ́ 45. Àlàfo àárín wọn, òkúta wẹ́wẹ́ tí kì í fa omi ni kí ẹ fi dí i. Búlọ́ọ̀kù yìí gbọ́dọ̀ ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà sórí ilẹ̀, ó kéré tán. 45 sàn jù fún òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìpele mẹ́fà, 45 yóò gbé yín kọjá gíga tí òfin fàyè gbà, nítorí náà etí òrùlé gígùn ni a ó fi dí àléébù yẹn. Ẹ tẹ́ DPC (ọ̀rá nípọn tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin gòkè) lé búlọ́ọ̀kù kí igi tó dé orí rẹ̀.

Igi ìsàlẹ̀

Ẹ tẹ́ igi méjì, 10 sí 5 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n ti fi oògùn sí, lé ìlà búlọ́ọ̀kù méjèèjì, kí ẹ fi igi kúkúrú so wọ́n pọ̀ ní gbogbo 60 sẹ̀ǹtímítà bí àkàbà. Ẹ fi irin dè é mọ́ búlọ́ọ̀kù. Kí ẹ tó dè é pa, ẹ gba bẹ́líìtì polyester tí wọ́n fi ń di ẹrù kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo mítà kan; òun la ó fi fún ògiri mọ́lẹ̀ tó bá ga tán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gùn tó mítà 6.5, ẹ ó sì nílò nǹkan bíi 16. Ẹni tó bá gbàgbé bẹ́líìtì yìí, ìgbà tí ògiri bá ga tán ni yóò rántí.

Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún àárín àkàbà náà dé ojú igi, kí bélì má bàa jókòó sínú kòtò tí omi lè dúró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kan ọ̀pá hazel (igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 mọ́ ọn lóòró, méjì fún bélì kọ̀ọ̀kan, kí ó yọrí tó 25 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn wọ̀nyí ni yóò di ìpele àkọ́kọ́ mú. Férémù ilẹ̀kùn náà, ìsinsìnyí ni kí ẹ gbé e dúró. Kí ó ga tó mítà 2 péré, kí 10 sẹ̀ǹtímítà lè ṣẹ́kù lókè rẹ̀, nítorí ògiri yóò rọ̀ wálẹ̀.

Títo bélì

Ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ tí òjò kò ní rọ̀, kí tápólì sì wà nítòsí lójoojúmọ́. Bélì ni yóò dùbúlẹ̀, okùn rẹ̀ yóò wà lókè àti nísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ yọjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Láti igun àti ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ pàdé láàárín. Ẹ fi ara bélì kan ra èkejì, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú gbá wọn wọlé: bélì tí a fi tipátipá há sáàárín yóò ti igun ilé jáde, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ìpele kẹrin. Bí bíríkìlà ṣe ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ojú ìpàdé ìpele kan kò gbọdọ̀ bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí bélì odindi kò bá ti gba àyè, ẹ ó gé e, iṣẹ́ yìí sì ló máa ń da orí ẹni tó ń kọ́lé rú. Abẹ́rẹ́ bélì ni ẹ ó lò: irin tó gùn tó 65 sẹ̀ǹtímítà, ihò méjì wà létí rẹ̀, ìdìmú sì wà ní ìdí. Ẹ wọn ibi tí ẹ fẹ́ gé. Ẹ ki okùn tuntun méjì bọ ihò méjèèjì, kí ẹ gún abẹ́rẹ́ náà kọjá ní ẹ̀gbẹ́ okùn àtijọ́ kìíní, títí yóò fi yọ lódì kejì. Okùn kan yóò lọ sí apá òsì, ìkejì sí apá ọ̀tún. Ẹ tún un ṣe ní ẹ̀gbẹ́ okùn àtijọ́ kejì. Ẹ so apá òsì le dáadáa, ẹ so apá ọ̀tún, ìgbà yẹn ni ẹ tó gé okùn àtijọ́. Bí okùn méjì bá kọjá lórí ara wọn nínú bélì, ẹ ó so àbọ̀ méjèèjì mọ́ra bí ìbejì, wọn kò ní pínyà. Ẹ fi okùn aláwọ̀ méjì ṣe é ní àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé pákó tó tọ́ sí ara ògiri pẹ̀lú lẹ́fẹ́lì, kí ẹ fi òòlù igi ńlá gbá èyí tó bá yọ jáde padà. Àlàfo kékeré tó kù láàárín bélì, pòròpórò gbígbẹ tí a tú sílẹ̀ ni ẹ fi dí i. Bí ẹ bá parí ìpele kẹrin, ẹ gbá ọ̀pá hazel tó gùn tó mítà 1.2 wọlé láti òkè, méjì fún bélì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpele kẹfà. Ọparun tó le lè rọ́pò hazel.

Fèrèsé wà lórí ìpele kejì. Àpótí pákó tó fẹ̀ bí ògiri ni ẹ kàn fún un, kí ó ga tó mítà 1.32, kí sẹ̀ǹtímítà 8 kù láàárín rẹ̀ àti òkè ògiri. Kí fèrèsé jìnnà sí igun ilé tó bélì kan, ó kéré tán. Abẹ́ fèrèsé ni omi ti sábà máa ń wọlé: ẹ tẹ́ DPC sábẹ́ àpótí náà, kí ó gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀, kí ojú fèrèsé nísàlẹ̀ dagun síta, kí ó yọ kọjá ojú ògiri tí a ti rẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí omi yóò ti máa kán sílẹ̀.

Àṣálẹ́ kò gbọdọ̀ lé yín kúrò níbi iṣẹ́ láìbo orí ògiri. Pòròpórò tó fọ́n ká sílẹ̀ náà, ẹ gbá a lójoojúmọ́. Bélì tó le kò ní afẹ́fẹ́ tí iná lè fà, kì í yára jó, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá tàbí jó irin níbẹ̀ títí ẹ ó fi rẹ́ ògiri.

Fífún ògiri mọ́lẹ̀

Ẹ kan wọ́ọ̀lù pléètì (igi orí ògiri tí òrùlé yóò jókòó lé) bí àkàbà, 45 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, igi 15 sí 5, kí pílàíwúùdù bo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí ilé ká láìjá, òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ líńtẹ̀lì lórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ gbé e gorí ìpele kẹfà, ẹ gba bẹ́líìtì kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ọwọ́ máa fún wọn.

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ fún bẹ́líìtì àkọ́kọ́ díẹ̀, ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i, ẹ yí gbogbo ilé ká, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fún apá kan tán kí ẹ tó dé ìkejì, wọ́ọ̀lù pléètì yóò dagun, òrùlé yóò sì tẹ̀ lé e. Ògiri ìpele mẹ́fà lè rọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Ẹ fi lẹ́fẹ́lì wò ó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tún un fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ gbé òrùlé lé e kíá. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi bò ó wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta ní 60 sẹ̀ǹtímítà yípo, kí gọ́tà sì wà. Ẹ jẹ́ kí ìwúwo òrùlé jókòó lé ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá kánjú rẹ́ ẹ, bí ògiri ṣe ń rọ̀ ni ojú rẹ̀ yóò máa sán. Àlàfo tó bá ṣẹ́kù lórí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, irun àgùntàn ni ẹ fi dí i.

Rírẹ́ ògiri

Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ọgbà òdòdó fá irun ara bélì, kí ojú rẹ̀ tẹ́. Ẹ tún ki mítà bọ ọ́, ní ìsàlẹ̀ ní pàtàkì: bí ó bá ju ìdá 20 lọ, ẹ dúró.

Sìmẹ́ńtì tó mọ́ wa lára kò yẹ níbí. Ó máa ń sán, omi á gba ibi tó sán wọlé, sìmẹ́ńtì kò sì ní jẹ́ kó gba ara rẹ̀ jáde bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá tí àwọn kan máa ń fi bo bélì kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí a sun) ló yẹ ìta, amọ̀ ló yẹ inú. Àwọn méjèèjì máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde.

Fún ìta, láìmù NHL 3.5 (irú èyí tí omi ń mú le) ìwọ̀n kan sí iyanrìn líle ìwọ̀n méjì àbọ̀. Ara ògiri tí ẹ ó rẹ́ níta tó nǹkan bíi 30 mítà onígun mẹ́rin. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, yóò jẹ iyanrìn kúbíìkì mítà kan àti àpò láìmù oníkílò-25 mẹ́tàlá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú, láìmù máa ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú.

Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ni ẹ fi rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ihò kékeré sílẹ̀ fún mítà ọ̀rinrin nísàlẹ̀ ògiri apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn àti lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Kí ó rọ̀, kí ó lọ́ràá, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọ àárín pòròpórò títí yóò fi dì í mú. Bí ẹ bá ká a létí, tí ó sì ṣí kúrò bí èèpo, kò tíì wọlé. Ìkejì nípọn tó mìlímítà 10 sí 15, ẹ̀kẹta tó 5 sí 8. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bo ojú rẹ̀, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí oòrùn àti atẹ́gùn máa ń sọ láìmù tó yára gbẹ di lẹ́búlẹ́bú. Òtútù tó ń di omi sì máa ń bà á jẹ́ pátápátá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi tápólì bo ògiri kí atẹ́gùn ṣì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ dúró di ìgbà ìrúwé.

Fún inú, amọ̀ tí ẹ gbẹ́ nígbà ìpìlẹ̀ lè tó. Ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìwọ̀n kan pò mọ́ iyanrìn méjì sí mẹ́ta àti pòròpórò tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ àpẹẹrẹ mẹ́ta sí ara ògiri, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Èyí tó bá sán, amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù; èyí tó bá ń rún sí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á, iyanrìn rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Páìpù omi kò gbọdọ̀ gba inú ògiri yìí kọjá. Wáyà iná gba inú páìpù rọ́bà, oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí ni kó fà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá parí

Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ yí ìdí ògiri ká, kí ó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí omi òjò má bàa máa ta ẹrẹ̀ sí ògiri. Ẹ má gbin òdòdó síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kó ilẹ̀ jọ sí i. Àwọn tó kọ́ ọ dáadáa tí ògiri wọn sì jẹrà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni òkìtì ilẹ̀ ti bo búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀ láìfura.

Ẹ fi láìmù tí a pò mọ́ omi kun ìta ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ẹ ki mítà bọ ihò kékeré tí ẹ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ibi tí òjò ti sábà máa ń gbá ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń lọ sókè sódò láàárín 10 sí 18, kò sí wàhálà. Bí ó bá kọjá 25 tí kò sì padà wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, omi ń wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń gbà kí ẹ sì dí i. Lẹ́yìn náà ẹ gé láìmù ibẹ̀ ní ìgun mẹ́rin, ẹ fa pòròpórò tó ti dúdú jáde títí ẹ ó fi kan èyí tó ṣì ń dán, ẹ jẹ́ kí ihò náà gba atẹ́gùn títí mítà yóò fi bọ́ sábẹ́ 20. Ẹ ká pòròpórò gbígbẹ ní ìṣù, ẹ fi òòlù igi gbá a wọlé kí ó le bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ rin etí láìmù àtijọ́ pẹ̀lú omi, kí ẹ tún un rẹ́ ní ìpele mẹ́ta.